Bẹ́ ẹ ṣe lè múra ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fáwọn tó fẹ́ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé lọ́fẹ̀ẹ́

Ọmọ kan wà ní kíláàsì ọjọ́ Sátidé wa n'Íbàdàn, pírámárì fọ́ọ̀ ló wà. Àǹtí tó ń kọ́ ọ, ọmọ yunifásítì tó yọ̀ǹda ara ẹ̀ fún wa, pè mí pé kí n wá gbọ́ bó ṣe ń kàwé, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ọmọ náà ṣí ìwé, ó ka ojú ewé méjì láìkọsẹ̀, ó ń fìka tọ̀ ọ́ lọ. Mo ní ó ṣeun, mo gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo yí i dorí kodò, mo dá a padà fún un pé kó tún un kà. Ó tún kà á. Bó ṣe kà á lẹ́ẹ̀kíní gẹ́lẹ́, ìka ẹ̀ ń rìn lórí lẹ́tà tó dorí kodò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Àǹtí ti fi ń ka ìwé yẹn sí i létí tí òun náà ń gbè é bí ẹni ń gberin, gbogbo ẹ̀ ti di àkọ́sórí, kò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀.

Mi ò lè dá Àǹtí yẹn lẹ́bi, torí pé èmi ni mo ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún un. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi ṣe é, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di mẹ́ta ọ̀sán, mo yá projector, mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ, àwọn fọlọ́ńtíà jókòó wọ́n ń kọ ọ́ sínú jọ́tà, a jẹun, a ya fọ́tò, mo fún kálukú ní sátífíkéètì. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó kọ́ èèyàn ní nǹkan kan lójú mi lọ́jọ́ náà. Èmi nìkan ni mo ṣiṣẹ́.

Ẹ wo bí ọ̀gá aránṣọ ṣe ń kọ́ ọmọṣẹ́. Kì í pè é jókòó kó máa ròyìn bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ fún un láti àárọ̀ dalẹ́. Á fún un ní àkísà, á ní kó fa ìlà, kó gé e, kó rán an, tó bá wọ́, á ní kó tú u kó tún un rán, á sì dúró tì í. Bó ṣe yẹ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fọlọ́ńtíà rí nìyẹn, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, orí ẹ̀ ló dúró lé. Ẹni tẹ́ ẹ ń dá lẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi ẹnu àti ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà níwájú yín, kó ṣe é ṣì, kẹ́ ẹ tọ́ ọ sọ́nà, kó tún un ṣe, kẹ́ ẹ tó fi ọmọ ọlọ́mọ lé e lọ́wọ́.

Kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́ rárá, ẹ lọ jókòó ti àwọn ọmọ náà ná. Mo mọ̀ pé ara máa ń yá wa láti kọ ṣẹ́dúlù ká sì máa wá ẹni tó máa wá sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ ò lè mọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ́ fọlọ́ńtíà tẹ́ ò bá mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀. Ẹ wá kádíbọ́ọ̀dù kan, ẹ kọ lẹ́tà mẹ́wàá sí i gàdàgbà gadagba, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́wàá, irú bí ilé, ajá, omi, ẹja, bàtà, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́rin tó tẹ̀ léra, kẹ́ ẹ wá kọ ìtàn kékeré tí gbólóhùn ẹ̀ tó mẹ́wàá. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́tọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí gbólóhùn mẹ́rin yẹn, tó bá kà á, kó lọ sórí ìtàn, tí ò bá lè kà á, kó bọ́ sílẹ̀ sórí ọ̀rọ̀, tí ò bá tún lè kà á, kó bọ́ sórí lẹ́tà. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ àti ibi tó dúró sí.

Èmi kọ́ ni mo dá ọgbọ́n yìí. Àjọ Pratham ní Íńdíà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú Mumbai láàárín ọdún 1990 sí 1999, ni wọ́n sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri, ìpele márùn-ún ni wọ́n pín in sí: ọmọ tí ò mọ lẹ́tà rárá, èyí tó mọ lẹ́tà, èyí tó lè ka ọ̀rọ̀, èyí tó lè ka ìpínrọ̀, èyí tó lè ka ìtàn. Ibi tí ìwé ẹ̀ dé ni wọ́n fi ń kó ọmọ jọ, wọn kì í wo ọjọ́ orí ẹ̀ tàbí kíláàsì tó wà. Ọmọ pírámárì fáìfù lè bá ọmọ pírámárì túù jókòó. Ẹ máa rí i pé àwọn òbí kan á kọ́kọ́ bínú sí i, ẹ fara balẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ fi kádíbọ́ọ̀dù yẹn hàn wọ́n.

Lọ́dọ̀ wa, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ló mọ ABD dáadáa, wọ́n lè kọ ọ́ lórin látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fìka tọ́ka sí lẹ́tà kan láàárín, wọ́n á tún padà lọ bẹ̀rẹ̀ orin látìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i? Ohun tí mo fi gbogbo ọjọ́ kọ́ àwọn fọlọ́ńtíà lọ́dún àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń bi ọmọ ní ìbéèrè lórí ìtàn tó kà. Ìtàn wo? Àwọn ọmọ ò tíì lè ka "ilé".

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ mọ àwọn fọlọ́ńtíà yín lẹ́nì kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ tó pé. Fọ́ọ̀mù ò tó, ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Lọ́dọ̀ wa, a ní tísà tó ti rẹtáyà, a ní ọmọ yunifásítì, a ní kọ́pà, a ní ìyá kan tó jẹ́ aránṣọ, ìwé mẹ́wàá ló kà. Ohun tí tísà tó ti rẹtáyà nílò yàtọ̀ pátápátá sí ti ọmọ yunifásítì. Màmá tísà yẹn ti fi ọgbọ̀n ọdún dúró níwájú kíláàsì ọmọ ogójì, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́, àmọ́ kò tíì jókòó ti ọmọ mẹ́rin péré rí, ohùn ẹ̀ á máa ròkè bí ẹni ń pe gbogbo asẹ́ńbílì. Ọmọ yunifásítì ní tiẹ̀, ẹ̀rù àwọn ọmọ ló ń bà á. Ẹ bi wọ́n pé Sátidé mélòó ni wọ́n lè wá nínú oṣù, ibo ni wọ́n ti ń bọ̀, èdè wo ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, ta ló kọ́ àwọn fúnra wọn níwèé nígbà tí wọ́n wà ní kékeré àti bó ṣe kọ́ wọn. Ẹ má fi ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ṣeré o, torí bí wọ́n ṣe kọ́ èèyàn lòun náà máa ń fẹ́ kọ́ ọmọ.

Tẹ́ ẹ bá ń lo kọ́pà, ẹ rántí pé ọdún kan ni wọ́n fi ń sìnlú látìgbà tí ìjọba ti dá NYSC sílẹ̀ lọ́dún 1973, wọ́n sì máa ń kó wọn wọlé ní báàṣì báàṣì. Ẹni tó dára jù lọ́wọ́ yín lónìí lè ti padà sílé wọn láìpẹ́. Nítorí náà ẹ má ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá kan ṣoṣo lọ́dún, ẹ ṣe é ní kékeré kékeré, bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ fi sí ìgbà tí báàṣì tuntun bá ti kúrò ní káńpù tí wọ́n sì ti ríbi tí wọ́n á ti máa ṣiṣẹ́.

Ó wá kan ohun tẹ́ ẹ máa kọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan mẹ́ta péré. Mo ti gbìyànjú méje rí, mo ti gbìyànjú méjìlá, ohun tí wọ́n máa ń mú délé ò ju méjì mẹ́ta lọ, ó sàn kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yan mẹ́ta yẹn. Tèmi ni: bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ọmọ dúró sí, bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ẹnu ọmọ ṣiṣẹ́ ju ẹnu tiwọn lọ, àti bí wọ́n ṣe ń tún àṣìṣe ṣe láìdójú ti ọmọ. Ẹ fi ìtàn ẹ̀kọ́ ìwé, orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé àti gbogbo gírámà yẹn sílẹ̀.

Nípa àkókò, ẹ pín in sí ààbọ̀ ọjọ́ méjì tí ọ̀sẹ̀ kan wà láàárín wọn. Sátidé àkọ́kọ́ láti mẹ́wàá sí méjì ọ̀sán, Sátidé kejì bákan náà. Ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín yẹn ni àkàrà tú sépo, torí ẹ máa fún wọn níṣẹ́ ṣe: kí kálukú wá ọmọ kan ládùúgbò ẹ̀, àbúrò ẹ̀, ọmọ aládùúgbò, ọmọ tó ń ta omi, kó lo kádíbọ́ọ̀dù yẹn fún un, kó sì padà wá sọ ohun tó rí. Ẹni tí ò bá ṣe é lọ́sẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó má wá sí kíláàsì lọ́sẹ̀ kẹta. Ẹ má bínú sí i, ẹ wá iṣẹ́ míì fún un, kó máa bá wa ṣètò ìwé tàbí kó máa kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn náà wúlò.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná NEPA, ẹ má yá projector. Bọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀kì, síléètì, kádíbọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ gé sí káàdì kéékèèké, máákà, ó parí. Ohun tí wọ́n máa rí ní kíláàsì ni kí wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí bẹ́ǹṣì yí ara wọn po, kò gbọdọ̀ dà bí ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo èèyàn ń wo iwájú. Ẹ fún wọn ní oúnjẹ, búrẹ́dì àti àkàrà láàárọ̀ fáwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá, nǹkan tó gbóná lọ́sàn-án. Owó mọ́tò sì ṣe pàtàkì. Ẹni tó máa wọ Máíkírà méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, tí ẹ ò san owó ọkọ̀ fún, á wá lẹ́ẹ̀kíní, á wá lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta ẹ máa gbọ́ pé ara ẹ̀ ò yá. Tẹ́ ò bá ní in, ẹ sọ fún wọn látilẹ̀ pé kò sí, kẹ́ ẹ yan àwọn tí ilé wọn sún mọ́ tòsí. Ẹ má ṣèlérí tẹ́ ò lè mú ṣẹ.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe tí wọ́n bá ti jókòó tán ni pé mo máa fún wọn ní ìwé pélébé àti bírò, màá ní kí kálukú kọ orúkọ ara ẹ̀ àti orúkọ ìyá ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì orí ẹ̀ àti àmì ìdí ẹ̀. Ẹ máa rí i bí ilé ṣe máa dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tó ti gba dìgírì á máa họ orí, ẹnì kan á kọ ọ́, á pa á rẹ́, á tún un kọ. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ nìyẹn, bó ṣe máa ń rí lára ọmọ tẹ́ ẹ ní kó ka ohun tó yẹ kó mọ̀ tí kò sì mọ̀ ọ́n. Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni jáde. Màá kàn bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí lára yín, wọ́n á sọ ọ́, a ò sì ní gbàgbé ẹ̀ láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ sórí bọ́ọ̀dù, a ó jọ pè wọ́n, a ó fi dò re mí kọ wọ́n, wọ́n á rí i pé etí wọn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́, ojú ló kù. Ẹ kọ́ wọn pé lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì wa ní, pé gb lẹ́tà kan ṣoṣo ni, kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ máa pè é ní gí-bí, pé ẹ yàtọ̀ sí e, ọ yàtọ̀ sí o, ṣ yàtọ̀ sí s. Wákàtí kan ti tó fún èyí. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá dáadáa á tètè mú un.

Àwọn òbí kan máa bi yín pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, ṣebí Òyìnbó lọmọ fi ń ṣe ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí fọlọ́ńtíà mọ ohun tí wọ́n máa fèsì. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ láti pírámárì wáànù títí dé síìsì, Òyìnbó wá jẹ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tí tísà tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ náà wò, wọn ò kẹ́yìn àwọn tó fi Òyìnbó kàwé, nínú Òyìnbó pàápàá. Ọmọ tó bá ti mọ bí lẹ́tà ṣe ń di ọ̀rọ̀ ní èdè tó ń sọ nílé, á gbé ọgbọ́n yẹn lọ sí èdè kejì. Tó bá jẹ́ pé ládùúgbò yín, Hausa tàbí Ẹ̀gùn làwọn ọmọ ń sọ nílé, ẹ wá fọlọ́ńtíà tó gbọ́ ọ.

Wàyí o, ibi tó ṣe kókó jù, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ lo ju ìdajì àkókò yín lé lórí. Ẹ pín wọn sí mẹ́ta mẹ́ta. Ẹnì kan á ṣe ọmọ, ẹnì kan á ṣe tísà, ẹnì kẹta á máa wò wọ́n. Ẹni tó ń ṣe ọmọ, ẹ fún un ní káàdì tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí, tẹ́ ẹ kọ àìmọ̀ ọmọ náà sí, irú bíi "o ò mọ̀ ìyàtọ̀ b àti d" tàbí "lẹ́tà àkọ́kọ́ lo máa ń wò, o máa ń méfò ìyókù" tàbí "ojú ń tì ọ́, o ò fẹ́ lanu." Tísà ò mọ̀, òun ló máa wá a rí. Ẹni tó ń wò wọ́n ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ìwé kan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó pín in sí méjì, ìgbàkigbà tí tísà bá lanu á fa ìlà kan sí ọ̀tún, ìgbàkigbà tí ọmọ bá lanu á fa ìlà kan sí òsì. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ẹ ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n ka ìlà.

Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀tún máa ń kún fọ́fọ́, òsì á kàn ní mẹ́ta mẹ́rin. Mi ò ní láti sọ nǹkan kan. Tísà á gba ìwé, á wò ó, á ní háà. Wọ́n á pààrọ̀ ipò, wọ́n á tún un ṣe, títí kálukú á fi ṣe tísà lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán.

Ẹ jẹ́ n ṣàpèjúwe ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí káàdì ni "ọbẹ̀." Ọmọ wò ó, ó ní "ọ̀bẹ." Tísà ti dáhùn kíá, "Rárá o, ọbẹ̀ ni, ó ya, sọ ọbẹ̀," ọmọ ní "ọbẹ̀," wọ́n kọjá. Ojú gbogbo èèyàn ni pé ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Kò mọ̀ ọ́n o, etí ló fi gbọ́. Mo máa ń dá wọn dúró níbẹ̀, màá ní kí tísà padà sẹ́yìn, kó dákẹ́, kó ka ení dé àrún nínú lọ́hùn-ún. Ẹ ò mọ bí èyí ṣe le tó fún àgbàlagbà, kéèyàn dákẹ́ fún ọmọdé! Lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ọmọ á tún ara ẹ̀ ṣe. Tí ò bá tún un ṣe, kí tísà fìka sábẹ́ àmì tó wà lórí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, kó bi í pé "Ohùn wo nìyí, dò ni àbí mí?" Ọmọ á ní dò. "Ó dáa, lẹ́tà àkọ́kọ́ ńkọ́, ṣé àmì wà lórí ẹ̀?" Kò sí. "Wàyí o, so ó pọ̀." Ọmọ á ní "ọ... bẹ̀. Ọbẹ̀!" Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́. Kí tísà wá kọ "ọ̀bẹ" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kó ní èwo la fi ń gé ẹran? Ó tán. Àpapọ̀ ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ, mo sì lè ní kí wọ́n ṣe é nígbà mẹ́fà kí n tó gbà pé ó ti mọ́ wọn lẹ́nu.

Tí wọ́n bá fẹ́ yin ọmọ, kí wọ́n sọ ohun tó ṣe. "O káre, o ti ń gbọ́n" dáa, àmọ́ "o padà wo àmì orí ẹ̀ kó o tó dáhùn, ìyẹn ló jẹ́ kó o rí i" dáa jù ú lọ, ọmọ á mọ ohun tó yẹ kó tún ṣe lọ́la.

Tó bá di Sátidé kejì, ẹ jẹ́ kí ọmọ gidi wá. Ẹ bẹ àwọn òbí mélòó kan kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn dé ní aago méjìlá, kẹ́ ẹ fún fọlọ́ńtíà méjì méjì ní ọmọ kan fún ogún ìṣẹ́jú, ọ̀kan á kọ́ ọ, ìkejì á fa ìlà. Ẹ̀yin, ẹ má jókòó. Ẹ máa lọ káàkiri, ẹ fetí sílẹ̀, ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu fọlọ́ńtíà níwájú ọmọ, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀, ẹ sọ fún un lẹ́yìn tọ́mọ bá ti lọ. Nǹkan kan tó ṣe dáadáa, nǹkan kan tó yẹ kó tún ṣe. Ẹ má kó mẹ́wàá lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ pàṣán ńkọ́? Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbangba, ẹ má rò pé gbogbo wọn ti mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹgba ni wọ́n fi kọ́ wa ní ìsọdipúpọ̀, ẹlòmíì sì gbà pé òun ló jẹ́ kóun mọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn tiwọn, ẹ gbọ́ wọn dáadáa, kẹ́ ẹ wá sọ òfin yín: kò sí nínà, kò sí fífa etí, kò sí ìkúnlẹ̀, kò sí "olódo." Ọmọ tó wá kàwé lọ́jọ́ Sátidé kò pọn dandan kó padà wá, ẹ bá nà án lónìí, ẹ ò ní rí i mọ́. Bákan náà, kí fọlọ́ńtíà kankan má dá wà pẹ̀lú ọmọ níbi táwọn èèyàn ò ti lè rí wọn, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí, kí wọ́n má máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́ lórí fóònù, kí wọ́n má gbé fọ́tò ọmọ sórí Facebook tí òbí ò fọwọ́ sí i. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà látọdún 2003, àmọ́ kódà ká ní kò sí, ọmọ ọlọ́mọ ni. Kí kálukú buwọ́ lùwé. Ẹ sọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa lọ bá tí wọ́n bá rí ohun tó kọ wọ́n lóminú, ì báà jẹ́ lára fọlọ́ńtíà ẹgbẹ́ wọn, ì báà jẹ́ lára ọmọ tó wá pẹ̀lú àpá.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ò tíì parí lọ́jọ́ yẹn o. Ní agbègbè Jaunpur, ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh ní Íńdíà, àwọn ará abúlé tí kì í ṣe tísà ni Pratham dá lẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ pé kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní kíkà lẹ́yìn ilé ìwé, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà sì ń padà lọ bẹ̀ wọ́n wò. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019, wà lára àwọn tó wádìí ẹ̀, àwọn ọmọ tó wá sí kíláàsì náà tẹ̀ síwájú gan-an nínú kíkà. Àwọn ọmọ tó wá ni ò pọ̀. Ohun méjì ni mo mú níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹni tí ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tísà lè kọ́ ọmọ níwèé tẹ́ ẹ bá fi ọ̀nà hàn án tẹ́ ẹ sì ń padà lọ wò ó. Èkejì, ẹ fi bí wọ́n ṣe máa lọ bá òbí nílé sára ìdánilẹ́kọ̀ọ́, torí ọmọ tí ò wá, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè kọ́ ọ.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ lọ jókòó ti fọlọ́ńtíà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, ogún ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ìwé onílà méjì yẹn. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹ ń bọ̀, ẹ má yọ́ wọlé bí ọlọ́pàá. Ẹ ṣí gúrúùpù WhatsApp, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó di ibi "ẹ káàárọ̀" àti àdúrà nìkan, ẹ ní kí kálukú fi ohùn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú kan, kó sọ ọmọ kan tó kọ́ àti ibi tó ti há sí i. Àwọn fúnra wọn á máa dá ara wọn lóhùn. Lóṣooṣù, ẹ kó wọn jọ fún wákàtí kan, kí wọ́n tún ṣe mẹ́ta mẹ́ta yẹn, kí káàdì "ọmọ" jẹ́ ìṣòro gidi tí ẹnì kan sọ nínú gúrúùpù.

Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹ gbé kádíbọ́ọ̀dù yẹn jáde, ẹ tún àwọn ọmọ yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ tuntun ni kẹ́ ẹ kọ sí i. Kí ẹni tó ń kọ́ ọmọ má fúnra ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀ àti ibi tó dé báyìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ fi han fọlọ́ńtíà rẹ̀. Tí ọmọ mẹ́rin nínú márùn-ún ò bá kúrò níbi tí wọ́n wà lọ́dọ̀ ẹnì kan, ẹ má tíì pariwo lé e lórí, ẹ padà lọ jókòó tì í. Tó bá jẹ́ pé lọ́dọ̀ gbogbo wọn ni, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín ló kù síbì kan, ẹ lọ tún un ṣe.

Ẹni tí ìwé onílà méjì ẹ̀ bá dáa jù lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òun ni kẹ́ ẹ fi ṣe olùdánilẹ́kọ̀ọ́ báàṣì tó ń bọ̀, ẹ má wo sátífíkéètì ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá aránṣọ yẹn ni. Òsì ẹ̀ máa ń kún, ọ̀tún ẹ̀ á ṣófo, ó máa ń ká ọwọ́ lẹ́yìn tó bá ń dúró de ọmọ, ó ní bóun ṣe máa ń ṣe nìyẹn kóun má baà gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ọmọṣẹ́. Òun ló máa kọ́ àwọn kọ́pà tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, tísà tó ti rẹtáyà sì ti ní òun á bá a kọ káàdì.